Àpótí Aṣọ Tí Kì Í Kún

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ ń ka ojú-ìwé yìí, àpótí aṣọ ni ọ̀rọ̀ wa kàn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe aṣọ tí a ń wọ̀ ni a ń wí, bí kò ṣe èyí tí a ń rà láti gé wẹ́wẹ́, kí a sì rán an pọ̀ di aṣọ ìbora. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dùn mọ́ni ni, ó sì yẹ ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ni ó fẹ́ràn ọjà ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níhìn-ín, àwa fúnra wa ti jìyà rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ẹ̀rù bà wá pé aṣọ yóò wọ́n. A sáré ra odindi àǹkárá 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì 6, owó ìdánwò ọmọ wa ni a sì fi rà á. Ọmọ náà ṣe ìdánwò rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin yá wa lówó. Ṣùgbọ́n oṣù 3 ni a fi san gbèsè náà, aṣọ sì wà nínú àpótí títí eku fi jẹ igun ọ̀kan. Baálé wa kò bínú. Ó kàn béèrè pé yáàdì mélòó ni ìbora kan ń gbà. Ojú tì wá, nítorí a kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìbora tí ó gùn ní íǹṣì 72, tí ó sì fẹ̀ ní íǹṣì 60, yóò gba ègé 120, bí ègé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ íǹṣì 6 ní òró àti ní ìbú lẹ́yìn rírán. A ó gé e ní íǹṣì 6 àbọ̀ kí ojú ìrán lè ráyè. Bí àǹkárá bá fẹ̀ ní íǹṣì 45, ègé 6 ni ìbú rẹ̀ yóò fún wa, ègé 5 sì ni òró yáàdì 1. Èyí jẹ́ 30. Yáàdì 4 péré ni gbogbo rẹ̀! Aṣọ tí a rà tó ojú ìbora 7.

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń hun kíjìpá ní ilẹ̀ Èkìtì kò jẹ́ fi òwú ṣòfò báyìí. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú mọ iye rẹ̀.

Ní ọdún 1892, Martha Ann Ricks, tí a bí sí oko ẹrú ní Tennessee ní Amẹ́ríkà, tí ó sì di ará Làìbéríà, gbé ìbora tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, tí àwòrán igi kọfí wà lára rẹ̀, lọ fún Ọbabìnrin Fikitóríà ní ààfin Windsor. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti fi tọ́jú owó ìrìn-àjò náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama ẹ̀wẹ̀, ògbólógbòó aṣọ oko ni wọ́n ń gé. Ní ọdún 2002 a gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney ní New York.

Àgékù kò sì wọ́n wa níhìn-ín. Nígbàkúùgbà tí ìyàwó bá súnmọ́, tí aṣọ ẹbí sì kún ilé aránṣọ, ẹ mú àpò lọ, kí ẹ sì tọrọ. Ẹ fọ àǹkárá tuntun kí ẹ tó gé e, kí aró rẹ̀ má baà ran aṣọ yòókù. Òwú nìkan ni a kò gbà yín níyànjú láti ra èyí tí kò dára, nítorí yóò já.

Àwa lẹ ìwé mọ́ ìdérí àpótí wa, a sì kọ iye yáàdì tí ó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. A kì yóò ra òmíràn títí yóò fi tán. Ìbora kan ti parí, ògbólógbòó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni a fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ tí a fi owó ìdánwò rẹ̀ ra aṣọ ni ó sì ń bò ó. Ó ku yáàdì 26.