Emi àti Ìpáhán

Nígbà tí àkókò àti ṣán oko bá dé ní ìgbèríko Ìlọrin, ọ̀pọ̀ igi ni àdá ń bẹ́ lulẹ̀ kí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ tó bèèrè orúkọ wọn. Èyí tí àdánù rẹ̀ pọ̀ jù ni emi, igi tí àwọn obìnrin ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí; nítorí bí a bá gé e lónìí, èyí tí ó bá hù dípò rẹ̀ yóò lò tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so.

Ìpáhán ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ewé àwọn méjèèjì gùn, wọ́n sì ń ṣù jọ ní orí ẹ̀ka. Àwọn Haúsá tilẹ̀ ń pè é ní namijin kaɗanya, èyíinì ni akọ emi. Ṣùgbọ́n kò bá emi tan rárá, bẹ́ẹ̀ ni emi kò ní igi akọ àti igi abo, nítorí òdòdó rẹ̀ kan náà ni ó ní méjèèjì.

Kí àgbẹ̀ já ewé kan. Bí ó bá jẹ́ emi ni, oje funfun bí wàrà yóò yọ; ìpáhán kò ní irú oje bẹ́ẹ̀. Èèpo emi tí ó dàgbà a sì máa là ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ní àkókò èso, kò sí àríyànjiyàn mọ́: èso ìpáhán ní ìyẹ́ méjì, ọ̀kan gùn, èkejì kúrú, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e lọ.

Lẹ́yìn tí iná bá ti jó pápá, tí ewé ti wọ́ dànù, ojú a máa ṣi ènìyàn mú. Ẹni tí ó ń wá igi èédú nígbà náà, kí ó dúró di ìgbà tí ewé bá tún rú.