Ẹdùn àrá: orúkọ tí kò ṣìnà tán

Lẹ́yìn òjò ńlá, tí àgbàrá bá ti wọ́ erùpẹ̀ oko lọ, òkúta dídán ẹlẹ́nu mímú a máa yọ síta. Ẹni tó rí i á ní àrá ló sọ ọ́ sílẹ̀. Láàrin àwọn Ìṣà ní Bantè, Ṣàngó ló ni ín. Lọ́dọ̀ àwọn Maxi ní Savalou, Xɛbyoso ni. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní 1723, Antoine de Jussieu ṣàlàyé fún wọn pé irinṣẹ́ ènìyàn àtijọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ náà: ẹdùn túmọ̀ sí àáké. Àwọn Akan ń pè é ní Nyame akuma, àáké Ọlọ́run. Èdè mọ ohun tí òkúta náà jẹ́. Ẹni tó ni ín ló yí padà.

Maikirosikóòpù ń fi ojú ìlò hàn: ìlà wẹ́wẹ́ létí ẹnu rẹ̀, àti ibi tí igi tí a fi dì í mú ti ha á. Bí a bá rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ, a ó mọ irú àpáta tó jẹ́. Ta ni yóò rẹ́ òkúta ojúbọ? Ẹ̀rọ ìtànṣán X alágbèéká sàn jù, kò pa á lára. Ọjọ́ orí ló le. Èédú tó wà nínú ilẹ̀ kan náà ni kábọ́ọ̀nù 14 ń wọ̀n, kì í ṣe òkúta. Ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, níbi tí Thurstan Shaw ti wa ilẹ̀ ní 1965, àáké àti èédú jọ wà; èyí tó ti dé ojúbọ kò ní ẹlẹ́rìí mọ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Bantè kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń fi ẹdùn pe àáké ìgégi.