Kí A Tó Pín Oúnjẹ: Iṣẹ́ Ìjọ àti Ẹgbẹ́ Lọ́dọ̀ Báńkì Oúnjẹ

Ó ti pẹ́ tí ìjọ wa ní Ìjàgbó ti ń pín ìrẹsì fún àwọn aláìní ní ìparí ọdún. Ẹni tí Olúwa bá fún ní àpò kan yóò gbé e wá, àwọn ìyá ìjọ yóò fi kóńgò wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, a ó sì kéde láti orí pẹpẹ pé kí ẹni tí kò ní máa bọ̀. A rò pé a ń ṣe dáadáa. Àfi ní ọdún kan, lẹ́yìn tí a ti pín in tán, tí a ti dúpẹ́, tí a sì ti gbálẹ̀, ni a wá gbọ́ pé ilé kan gba ọ̀rá mẹ́rin, nítorí pé ọmọ mẹ́rin ni wọ́n rán wá tò. Ìyá opó kan, tí a lè rí òrùlé ilé rẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé ìsìn, kò rí hóró kan gbà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè jáde, kò sì sí ẹni tí ó rántí rẹ̀. Nígbà tí a lọ tọrọ àforíjì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ibí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju èébú lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, a sì ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni bí a ti ń yan díákónì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni a tó padà lọ kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àwọn opó kan, tí èdè wọn yàtọ̀, ni wọ́n ń fò dá nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò wàásù sùúrù fún wọn. Wọ́n ní kí ìjọ wá ọkùnrin 7 tí gbogbo ènìyàn jẹ́rìí rere sí, kí wọ́n fi wọ́n ṣe olórí iṣẹ́ náà. Oúnjẹ wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí yóò mọ ẹni tí kò tíì jẹ ni kò sí.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí báńkì oúnjẹ, àti ohun tí ìjọ, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè bá a ṣe. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ti rí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé iye tí a ń ra oúnjẹ ti fi ohun tí ó ju ìdá 40 nínú 100 lọ gbówó lórí láàárín ọdún kan. Àwọn tí ń fúnni lánàá wà lára àwọn tí ń tò lónìí.

Kí ni báńkì oúnjẹ?

Báńkì oúnjẹ kì í ṣe ilé tí a ti ń se oúnjẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí aláìní ń lọ tò sí. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ, àwọn oníṣòwò àti àwọn àgbẹ̀ a máa kó oúnjẹ tí ó ṣì dára, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí tà, wá síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé páálí rẹ̀ ya, tàbí pé ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, tàbí pé irè oko pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà lọ. Báńkì yóò ṣà á, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì gbé e fún àwọn ìjọ, ilé ọmọ aláìlóbìí, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ àdúgbò. Àwọn wọ̀nyí ni yóò fi í lé aláìní lọ́wọ́.

Ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John van Hengel, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé oúnjẹ àwọn aláìní, pàdé ìyá ọlọ́mọ 10 kan tí ó ń ṣa oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ohun tí ilé ìtajà dà nù. Ìyá yìí ni ó sọ pé ó yẹ kí ibì kan wà bíi báńkì, tí ẹni tí ó ní yóò máa fi oúnjẹ pamọ́ sí, tí ẹni tí kò ní yóò sì máa gbà á. Ìjọ Kátólíìkì St. Mary's fún van Hengel ní ilé búrẹ́dì kan tí wọ́n ti pa tì àti owó 3,000 dọ́là. Ní ọdún kìíní, oúnjẹ tí ó jáde níbẹ̀ jẹ́ 275,000 pọ́n-ùn. Bí ẹ bá fi àpò ìrẹsì 50 kílò ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò 2,500. Ẹ kíyè sí ẹni tí wọ́n kó o fún o. Wọn kò ṣílẹ̀kùn fún ogunlọ́gọ̀. Ẹgbẹ́ 36 ni wọ́n fún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì mọ àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè wa, Lagos Food Bank Initiative, tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ ní 2015, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Èkó. Ó wà nínú Global FoodBanking Network, ìyẹn àjọ tí ó so àwọn báńkì oúnjẹ pọ̀ káàkiri àgbáyé láti 2006. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní NUMEPLAN, wà fún aboyún àti ọmọdé tí oúnjẹ aṣaralóore kò kánú. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni wọ́n ń gbà ṣe é, nítorí pé nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n mọ ọmọ tí ó ń rù. Òmíràn, EDUFOOD, ń lọ sí ilé ìwé, nítorí tíṣà mọ ọmọ tí ó ń sùn ní kíláàsì nítorí ebi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìlú Ọba. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Pecan, tí àwọn ìjọ àdúgbò náà dá sílẹ̀ ní 1989, tí ó sì ń bójú tó báńkì oúnjẹ Southwark. Ní ọ̀pọ̀ báńkì oúnjẹ tí ó wà lábẹ́ Trussell níbẹ̀, ènìyàn yóò mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà, ilé ìwé tàbí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ tí ó mọ ìṣòro rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìjọ ni wọ́n sábà máa ń lò, àwọn ará ìjọ ni ó sì ń di ẹrù.

Ogunlọ́gọ̀ kò ní orúkọ

A ó sọ ohun kan tí ó le láti sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú ní Bàṣọ̀run ní Ìbàdàn, níbi àríyá ọ̀fẹ́ tí wọ́n pe àwọn ọmọ sí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ènìyàn 10 kú níwájú ìjọ Kátólíìkì kan ní Maitama ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ Kérésìmesì. Ní ọjọ́ kan náà, ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra, ènìyàn 22 kú níbi ìpín ìrẹsì. Ebi kọ́ ni ó pa wọ́n. Wọ́n tẹ ara wọn pa níwájú oúnjẹ. Àwọn tí ó pè wọ́n kò ní èrò ibi, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ti ní èrò ibi nígbà tí a ń kéde láti orí pẹpẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ìkéde wa dé Ọ̀fà àti Ẹrin-Ilé ní ọdún tí oúnjẹ wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ ní ẹnu géètì wa tí kò gba ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan? Kí Olúwa tó bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú Máàkù orí 6, ó ní kí wọ́n jókòó ní ẹgbẹẹgbẹ́, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti àràádọ́ta. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni a fi wàásù lórí búrẹ́dì àti ẹja náà, tí a kò sì sọ nǹkan kan nípa ìjókòó wọn.

Ìdàkejì rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ní Kwara wa yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, wọ́n sì kó oúnjẹ tí a kó jọ nítorí àrùn Kòrónà, ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní palliative. Àwọn tí ó lágbára ni ó rí i gbé. Ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn gbọ́ ariwo tiẹ̀ náà.

Ohun tí báńkì ń béèrè

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ bá báńkì oúnjẹ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lábẹ́ òfin. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, ẹ wá ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé yóò wà, nínú èyí tí a ó kọ ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, àti ọwọ́ ẹni tí ó bọ́ sí. Àwọn ará báńkì lè dé nígbàkígbà láti wo ìwé yìí, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú pé wọn kò fọkàn tán pásítọ̀. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ di títà, ì báà ṣe fún owó ilé Olúwa.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìpamọ́, tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí. Yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ tí eku ń sá kiri inú rẹ̀ kì í ṣe sító. Àpò kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ fi pákó tẹ́ ẹ. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má da Sniper sórí ẹ̀wà nítorí kòkòrò, májèlé ni. Àwọn àpò onípele mẹ́ta wà tí a ń dì pa tí afẹ́fẹ́ kò fi ní wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ yóò sì kú láìsí oògùn kankan. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, wà nítòsí wa ní Ìlọrin. Iṣẹ́ wọn ni láti fi irú nǹkan báyìí kọ́ni.

Èyí tí ó le jù fún àwa pásítọ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ yìí ra ọmọ ìjọ. A kò gbọdọ̀ sọ pé kí ẹni tí yóò gbà á kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù, tàbí kí ó kọ orúkọ sínú ìwé ìjọ. Àwọn kan nínú wa kò ní fẹ́ èyí. Àwa náà kò fẹ́ ẹ ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Ìjàgbó ni a ń gbé. Gbogbo yín rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ọ̀rọ̀ híjáàbù ní ilé ìwé kan nínú ìlú yìí di ìjà láàárín Kristẹni àti Mùsùlùmí, tí ẹ̀mí sì bá a lọ. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí ìjọ bá ní ìwé orúkọ tirẹ̀, tí mọ́sáláṣí ní tirẹ̀, ilé kan yóò gbà lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn tí kò lọ sí èyíkéyìí kò ní gbà rárá. Ìwé kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó wà fún àdúgbò kan, kí obìnrin kan láti ìjọ àti obìnrin kan láti mọ́sáláṣí sì jọ máa kọ ọ́. A sọ pé obìnrin nítorí pé àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wọ inú yàrá ìdáná.

Ẹnìkan yóò ní, "Èkó jìnnà sí Ìjàgbó." Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí báńkì tí yóò rán ọkọ̀ ńlá wá nítorí ọ̀rá 30, ìjọ kan kò sì lè dá owó ọkọ̀ san. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìjọ, mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà láti Ìjàgbó, Ọ̀fà, Ẹrin-Ilé, Ìpéè àti Ìlemọ́nà bá fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n ní sító kan àti ìwé kan, wọ́n di ẹni tí a lè bá dúnàádúrà. Kò sì pọn dandan kí ohun gbogbo ti Èkó wá. Àwa ni a ní ọ̀dùnkún. Nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà, tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, àgbẹ̀ mìíràn a fi í sílẹ̀ nínú ebè nítorí pé owó ẹni tí yóò wa á ju iye tí yóò tà á lọ. Bí ọ̀dọ́ ìjọ 10 bá bá a wa á ní ọjọ́ Sátidé kan, tí ó sì yọ̀ǹda apá kan, báńkì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Léfítíkù orí 19 ti sọ fún àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì pé kí wọn má ṣe kórè dé ìkángun oko.

Ní tiwa, a ti dáwọ́ ìkéde orí pẹpẹ dúró. Àwọn ìyá méjì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ìwé ńlá kan, wọ́n ń kọ orúkọ, iye ẹnu tí ń jẹun nínú ilé, àti ẹni tí kò lè rìn. Ìyá opó wa ni ó wà ní ìlà kìíní. Nígbà tí wọ́n béèrè iye ẹni tí ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun nìkan ni. Ó tún ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọmọkùnrin kan tí ilé wọn wà lẹ́yìn tirẹ̀ kún un, tí ìyá rẹ̀ ti lọ sí Èkó láti ìgbà òjò, tí ó máa ń wá jẹ ẹ̀kọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní alẹ́. Àwa kò mọ̀ nípa ọmọ náà rí.