Okùn àti Òfuurufú: Ọ̀nà tí Ọ̀rọ̀ Ń Gbà láti Kọ̀ǹpútà dé Kọ̀ǹpútà



Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó mú tẹlifóònù alágbèéká wọn lọ́wọ́. Òpó tí ó wà ládùúgbò wọn dúró digbí, kò sí ohun tí ó ṣe é. Síbẹ̀ owó kò ṣe é fi ránṣẹ́ ní báńkì. Ohun tí ó fà á kò sí ní òfuurufú rárá. Okùn mẹ́rin ni ó bàjẹ́ nísàlẹ̀ òkun, nítòsí Abidjan: SAT-3, WACS, ACE àti MainOne. Níbi tí ti MainOne ti bàjẹ́, omi jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 3; àwọn tí ó ni ín sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ó mì. Àtúnṣe rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé orúkọ tí a ń pe nǹkan a máa tan ni jẹ. Bí a bá ní ẹ̀rọ kan kò lo wáyà, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò fara kan okùn láti ibi tí ó ti gbéra títí dé ibi tí ó ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọwọ́ wa dé ìdí òpó tí ó sún mọ́ wa ni ó ń gba òfuurufú. Lẹ́yìn èyí, bópẹ́bóyá, yóò wọ inú ilẹ̀, yóò sì di èrò inú okùn.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì? Ní ayé àwọn baba wa, ọba tí ó fẹ́ bá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí a di àrokò, a sì fi í rán ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí onílù bá fi gángan sọ̀rọ̀ lójú agbo, gbogbo etí tí ó wà nítòsí ni yóò gbọ́ ọ. Bí onílù mìíràn bá sì lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò dàrú. Okùn jọ àrokò, òfuurufú sì jọ ojú agbo.

Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii ni ó kọ́kọ́ wá ọgbọ́n sí ìdàrú yìí láàárín kọ̀ǹpútà, ní ọdún 1971. Erékùṣù ni ilẹ̀ wọn, ó fọ́n káàkiri inú òkun. Wọ́n sì fẹ́ kí àwọn tí ó wà ní erékùṣù mìíràn lè lo kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà ní Honolulu. Wọn kò pín àkókò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ a gbé e jáde ní ègé-ègé. Bí kò bá gbọ́ èsì pé ó dé, ó ti forí gbárí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn nìyẹn. Yóò dúró díẹ̀, yóò sì tún un rán. Ìdúró yìí kò gbọdọ̀ dọ́gba, nítorí bí ìdúró àwọn méjèèjì bá dọ́gba, wọn yóò tún forí gbárí ni.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé ní ọdún 1973, Robert Metcalfe, tí ó ti ka iṣẹ́ Abramson, mú ọgbọ́n òfuurufú yìí wọ inú wáyà ní California, ó sì sọ ọ́ ní Ethernet. Okùn kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó fi kún un pé kí oníkálukú kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. (Àfiwé àrokò mi kò dúró dáadáa níbẹ̀, mo gbà.)

Wáyà bàbà kò gba àlàyé púpọ̀. A ń lọ́ méjì pọ̀ mọ́ra kí ariwo iná mànàmáná lè kọlu méjèèjì bákan náà, kí ẹ̀rọ tí ń gbà á sì lè yọ ọ́ kúrò. Bí ọ̀nà bá jìn, ó ń rẹ̀ ẹ́.

Dígí ni ìyanu. Ní ọdún 1966, Charles Kao àti George Hockham sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìdọ̀tí inú dígí ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kì í ṣe dígí fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá lè fọ̀ ọ́ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yóò kù lẹ́yìn kìlómítà kan, ó tó lò. Ní ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, lẹ́yìn kìlómítà 15, nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí àwo ńlá tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá, ní àwọn ọdún 1970, láti máa bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ ga tó kìlómítà 35,786. Ọ̀rọ̀ tí ó gòkè tí ó sì sọ̀kalẹ̀ yóò rìn ju kìlómítà 71,000 lọ, yóò sì gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó nínú MainOne kò ju nǹkan bíi kìlómítà 7,000 lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ ń rọra rìn nínú dígí, kò gbà tó ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá. Sátẹ́láìtì ṣì wúlò níbi tí okùn kò lè dé, mi ò tàbùkù rẹ̀.

Okùn Equiano, tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní ọdún 2022, kò bàjẹ́ ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ sá tọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, àwọn tí ń la títì àti àwọn olè ń gé okùn dígí lemọ́lemọ́ ní Nàìjíríà. Bàbà ni olè ń wá. Dígí kò ní í rí tà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ ka àwọn ohun èlò wọ̀nyí mọ́ ohun tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹni tí ń wa katapílà kò rí àṣẹ yẹn nínú ilẹ̀. Àwòrán ibi tí okùn gbà ni ó nílò, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.