Àwọn Tí A Kò Pè sí Ìgbìmọ̀ Iná ní California

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù Nòfẹ́ḿbà, ọdún 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú Paradise ní ìpínlẹ̀ California ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu oorun ojú, ojú ọ̀run tí ó yẹ kí ó máa mọ́ ni ó tún ń ṣókùnkùn, màjàlà sì ń já bọ́ sórí òrùlé àti sí ojú títì bí òjò. Ìkọ́ irin kan tí ó ti lò tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lára òpó wáyà ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Pacific Gas and Electric ni ó já ní àfonífojì odò Feather. Wáyà bọ́, ó ta sí koríko tí kò rí òjò gidi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ sì gba iná náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń gbé e sáré bọ̀ wá sórí òkè tí ìlú náà tẹ̀dó sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìlú tí ó ní nǹkan bí 26,000 olùgbé ti di eérú. Ènìyàn 85 ni ó bá iná yìí lọ, ilé tí ó jóná sì lé ní 18,000. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ikú ènìyàn 84 nínú wọn.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ Paradise máa dun ènìyàn títí di òní ni pé ìlú náà kì í ṣe ìlú tí ó sùn fọnfọn. Iná ti dẹ́rù bà wọ́n rí ní ọdún 2008, tí ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà pa; láti ìgbà náà ni wọ́n ti pín ìlú sí agbègbè agbègbè, tí wọ́n ya àwòrán ọ̀nà tí olúkúlùkù yóò gbà sá, tí wọ́n sì fi ìdánrawò kọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka òkú, àwọn tí ó ti lé ní ọdún 65 ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn arọ sì wà láàárín wọn, àti àwọn tí àìsàn dè mọ́ orí ibùsùn, àti àwọn tí kò ní ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú nìkan ni ètò ìkìlọ̀ orí fóònù wà fún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò sì forúkọ sílẹ̀. Bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni à á kọ́kọ́ gbọ̀n: àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí kò fi í bú ẹnikẹ́ni, ìwà ẹ̀dá ni wọ́n ń sọ, àti nítorí pé ìwà ẹ̀dá ni, ẹni tí ó bá dúró de ojú iná kí ó tó máa ro ẹni tí yóò gbé ìyá arúgbó ilé kejì jáde, ó ti pẹ́ jù. Èrò tèmi ni pé ètò Paradise dára fún àwọn tí ó ṣe é, ìyẹn àwọn tí ó ní ọkọ̀, tí ó ní fóònù, tí etí wọn ń gbọ́ràn, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń gbé wọn.

Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 2019, ọ́fíìsì tí ń yẹ ìwé ìṣirò ìjọba California wò gbé ìwádìí jáde lórí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tí iná ti bà jẹ́, Butte tí Paradise wà nínú rẹ̀, Sonoma àti Ventura, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé kò sí èyí tí ó múra tó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti dáàbò bo àwọn aláìlera, àwọn arúgbó àti àwọn tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí, àwa ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí ó tètè yé. Nígbà tí iná ńlá tí a ń pè ní Thomas ń jó ní Ventura ní òpin ọdún 2017, tí ó jó ilẹ̀ tí ó lé ní 280,000 éékà, àwọn alágbàṣe tí wọ́n ti ilẹ̀ Mẹ́síkò wá wà nínú oko sitirọ́bẹ́rì, wọ́n ń ká èso nínú èéfín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, èdè Mixteco ni wọ́n mu lọ́mú, èdè olóhùn bíi tiwa, níbi tí ìtumọ̀ ti ń yí bí ohùn bá ti yí, gẹ́gẹ́ bí igbá kì í ti í ṣe ìgbà, tí ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìkìlọ̀ ìjọba kọ́kọ́ bá jáde. Èyí tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Sípéènì pẹ́ kí ó tó dé, nígbà tí ó sì dé, kò yé ẹni tí Sípéènì kì í ṣe èdè rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ará Mixteco fúnra wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MICOP, ni ó dìde, tí ó ń fi rédíò tirẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè abínibí wọn, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ń gbé ìbòmú lọ bá wọn nínú oko. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba California ṣe òfin pé bí èéfín iná igbó bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, dandan ni kí agbanisíṣẹ́ pèsè ìbòmú fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ìta gbangba.

Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀kọ́ náà ti wọlé tán, kí ó wo Altadena, lẹ́bàá Los Angeles. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje oṣù Jánúárì ọdún 2025 ni iná Eaton bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Apá ìlà-oòrùn ìlú náà tètè gbọ́ àṣẹ pé kí wọ́n sá. Apá ìwọ̀-oòrùn òpópónà Lake, níbi tí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ti ra ilé láti ayé ìgbà tí a kì í jẹ́ kí wọ́n rà níbòmíràn, kò gbọ́ tirẹ̀ títí aago mẹ́ta òru fi kọjá. Ènìyàn 19 ni ó kú, ìwọ̀-oòrùn òpópónà yẹn sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibùgbé gbogbo wọn.

Títí dé ibi yìí, ti àwọn tí a gbàgbé láti kìlọ̀ fún ni mo ń sọ. Ó tún ku àwọn kan, àwọn tí ó mọ iná ju ìjọba lọ, tí a sì fi òfin pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní apá àríwá California, létí odò Klamath, ni àwọn ẹ̀yà Karuk àti Yurok ń gbé, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn tanná sí igbó kí aláwọ̀ funfun tó mọ̀ pé odò kan wà níbẹ̀. Wọn kì í sun igbó ní àsunrun. Wọ́n ń wo ìrì, wọ́n ń wo ibi tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ sí, wọ́n a sì fi iná kékeré jẹ́jẹ́ gbá ilẹ̀ abẹ́ igi, bí ìyàwó ilé tí ń gbá àgbàlá. Iná náà a pa kòkòrò tí ń lu èso igi oak tí wọ́n ń jẹ, a sọ koríko di ọ̀tun fún àgbọ̀nrín, a sì mú kí igi hazel yọ ẹ̀ka títọ́ gbọọrọ tí wọ́n fi ń hun agbọ̀n. Olóko kòkó ilẹ̀ wa tí ń ro etí oko rẹ̀ yíká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, tí ó sì ń sun pàǹtí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, yóò gbọ́ èdè àwọn ará Karuk láìsí ògbufọ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ìjọba pe àwọn onílẹ̀ yìí ní wèrè. Ní ọdún 1850, ọdún tí California di ìpínlẹ̀, ni òfin kan ti sọ pé ẹni tí ó bá tanná sí pápá yóò jìyà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1935, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ fún àwọn aṣọ́gbó rẹ̀ pé iná kíná tí wọ́n bá rí, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ká a lápá kò kí ó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dà bí ọgbọ́n lójú ẹni tí kò mọ igbó. Ewé ń já, ẹ̀ka ń gbẹ, igi wẹ́wẹ́ ń hù fún ara wọn, iná kékeré kò sì rí àyè jó wọn kúrò; lọ́dọọdún ni igbó ń di yàrá tí a kó igi ìdáná kún dé àjà. Nígbà tí ojú ọjọ́ wá gbóná, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń pẹ́ sí i, ẹ̀ṣẹ́ná kan ṣoṣo ti tó. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún 2020, iná Slater jó nǹkan bí 200 ilé ní Happy Camp, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ àwọn Karuk gan-an.

Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rọ́pò. Àwọn àgbà Karuk àti Yurok tí a dè lọ́wọ́ ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ ń bẹ lẹ́yìn wọn. Láti ọdún 2014 ni àwọn ẹ̀yà náà, àwọn aṣọ́gbó ìjọba àpapọ̀ àti àwọn panápaná abúlé ti ń péjọ létí Klamath láti jọ tanná, kí wọ́n sì kọ́ ara wọn. Mo kà á sí àjọṣe tòótọ́, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí a pè wá wo ìran ni onílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni ó ń sọ pé òní dára, tàbí pé kí á dúró di ọ̀la. Òfin ọdún 2021 mú gbèsè owó ìpaná kúrò lọ́rùn ọ̀gá atanná tí kò bá hùwà àìbìkítà tó burú, nígbà tí òfin ọdún 2024 la ọ̀nà fún àwọn ẹ̀yà láti bá ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí wọ́n lè máa tanná àṣà wọn láìtún tọrọ àyè. Karuk ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2025.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ni ó ní ọkọ̀ òfurufú tí ń da omi; rédíò Mixteco ni ó ní ohùn tí alágbàṣe gbà gbọ́; ará ilé kejì ni ó mọ̀ pé Màmá kò lè dá dìde lórí ibùsùn. Paradise ti gbé òpó fèrè ìkìlọ̀ 21 dìde báyìí, tí kò béèrè bóyá ènìyàn forúkọ sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ fèrè kò lè gbé arọ sínú ọkọ̀, iṣẹ́ yẹn sì ń fẹ́ kí arọ náà fúnra rẹ̀ jókòó níbi tí a ti ń ṣètò, kí ó sọ irú ọkọ̀ tí ó lè wọ̀ àti ẹni tí ó fọkàn tán.

Létí Klamath, nígbà tí àwọn ará Yurok jókòó láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún ilẹ̀ wọn, ohun tí wọ́n sọ ni pé kí iná padà wá. Agbọ̀n tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ọwọ́, ẹ̀ka hazel ni wọ́n fi ń hun ún, èyí tí ó sì tọ́ jù lọ nínú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó hù lẹ́yìn iná. Ní báyìí wọ́n ti tún ń sun ìdí igi náà, àwọn obìnrin a sì lọ ká ẹ̀ka tí ó bá yọ, wọ́n a bó èèpo rẹ̀, wọ́n a sá a sí oòrùn, wọ́n a jókòó hun agbọ̀n fún ọmọ tuntun.