Ara Kọ́bọ́ọ̀dù Ìdáná Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Bí wọ́n bá pe káfíńtà sí ilé ìdáná tó ti gbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. Yóò ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan, yóò tì í padà, yóò ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dànù kí òun kan òmíràn. Onílé á mi orí, owó á sì jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iwájú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń tètè gbó: ilẹ̀kùn, ojú dúrọ́ọ̀, híńjì àti ọwọ́ tí a fi ń fà á. Àpótí ẹ̀yìn wọn, tó ń gbé àwo àti ìkòkò, sábà ṣì máa ń lágbára fún ọdún gbọọrọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ìrókò, ọ̀gànwó tàbí àfàrà ṣe kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lóde báyìí jẹ́ pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀. Púpọ̀ nínú gúlúù bẹ́ẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ formaldehyde jáde, pàápàá nígbà tí pátákó bá ṣì tuntun. Ní ọdún 2004, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ẹni tó bá tú ìrókò dànù nítorí irú pátákó yìí ti sanwó fún àdánù.

Abẹ́ síńkì ni kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lomi ti ń jò láìsí ẹni tó rí i. Kí wọ́n kó gbogbo ẹrù kúrò, kí wọ́n fi nǹkan líle kan ara igi káàkiri. Ikán lè jẹ inú igi tán kí ojú rẹ̀ ṣì máa dán, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ á dún bí ohun tó ṣófo. Pátákó àtẹ̀pọ̀ tí omi bá ti mú wú kì í fẹ́lẹ́ padà mọ́, kò sí ọ̀dà tó lè wò ó sàn. Àpótí yẹn nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀.

Bí ara àpótí bá le, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kíkùn. Wọ́n á tú àwọn ilẹ̀kùn, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í gbé padà. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló kàn, nítorí epo pupa, òróró àti èéfín ọdún púpọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ibí gan-an niṣẹ́ ti ń bàjẹ́: bí wọ́n bá fi sáńpépà ha ọ̀rá tí wọn kò tíì fọ̀, ọ̀rá náà á tún wọnú igi, ọ̀dà á sì bó láìpẹ́. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, sáńpépà nọ́ńbà 120 ni wọ́n á kọ́kọ́ lò, kí wọ́n tó fi 220 parí rẹ̀. Pọ́tì á dí ihò, ọ̀dà ìpìlẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀dà gan-an, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ògiri kò yẹ níbẹ̀, kò lè fara da fífọ̀ ojoojúmọ́. Eruku ọyẹ́ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, nítorí náà kí wọ́n kùn ún nínú yàrá.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ilẹ̀kùn tuntun sára àpótí àtijọ́, kí wọ́n sì lẹ awọ tín-ín-rín mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó hàn síta. Formica wà lára irú awọ bẹ́ẹ̀. Herbert Faber àti Daniel O'Conor ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1912, iṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ó ń fara da ooru ju awọ oníke lọ. Awọ oníke rọrùn lówó, àmọ́ nítòsí sítóòfù, etí rẹ̀ máa ń ká sókè.

Ewu wà nínú iṣẹ́ kíkùn tí kò yẹ ká gbójú fò. Ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n bí ti mọ́tò, tí wọ́n ń po mọ́ èròjà tó ń mú un le, sábà máa ń ní isocyanate tó lè fa ikọ́ fée. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá a dúró. Ọ̀dà àtijọ́ náà lè ní òjé nínú. Amẹ́ríkà fòfin de irú rẹ̀ nínú ilé ní 1978, nítorí ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí àwọn ọmọ sì jìnnà síbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí káfíńtà ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, èyí tó sún mọ́ sítóòfù jù lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀dà rẹ̀ le, kí ẹ wá fi kàìnkàìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí kò bá bó, ẹ jẹ́ kí ó ṣe ìyókù.