Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Kì í Ṣe Oògùn Àtọ̀gbẹ

 

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, orúkọ wọn kò kan ẹnikẹ́ni, ti pa oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà fún wọn tì. Blood tonic ni wọ́n ń mu. Wọ́n ní ọmọ àwọn ka ìròyìn kan fún àwọn pé àwọn ará Japan ti fi amino acid àti irin mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àwọn sì rí méjèèjì lára páálí tí àwọn rà ní kẹ́míìsì.

Ìròyìn náà kì í ṣe irọ́, ohun tí ó sì mú kí ó léwu nìyẹn. Amino acid ti Japan ń jẹ́ 5-aminolevulinic acid (orúkọ yìí gùn ju ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù lọ). Ara wa pàápàá ń ṣe é, òun àti irin ni ara sì fi ń ṣe ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Ní 2013, àwọn ará Hiroshima tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n yẹ ènìyàn 212 wò fún ọ̀sẹ̀ 12, ṣúgà àwọn kan sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ṣúgà wọn ga díẹ̀ ni wọ́n, a kò sì fi í rọ́pò oògùn dókítà.

Amino acid pọ̀ lóríṣiríṣi. Ẹyin àti ẹja wa kún fún un. Èyí tí ó wà nínú ìgò wa kì í sábà jẹ́ ti Hiroshima. Ní ti irin, ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ni ó wà fún. Ara kò mọ bí a ti ń da irin àṣejù nù. Bí ó bá kó jọ, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àti ibi tí insulin ti ń jáde. Ṣúgà ni wọ́n sì fi mú ọ̀pọ̀ nínú tọ́níìkì olómi wọ̀nyí dùn! Àárẹ̀ tí ẹ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ṣúgà tí ó ga lè fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni kan. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2003 rí i pé nínú àgbàlagbà 100 ní Port Harcourt, bíi 7 ní àtọ̀gbẹ. Bí ẹ kò bá tí ì jẹun láàárọ̀, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ṣúgà tó 126, ẹ má ṣe jókòó sílé. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Alakahia kò jìnnà sí wa. Ẹ mú ìgò tọ́níìkì yín dání lọ, kí dókítà ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Bàbá wa ti gbà láti lọ. Èmi ni n ó sìn wọ́n.